Tíṣà adelé ní CEG: báwo lẹ ṣe ń ṣe é ní wákàtí àkọ́kọ́?

Ọmọ Ìdẹ́nà, Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni censeur (igbákejì ọ̀gá tó ń rí sí ẹ̀kọ́) CEG kan nítòsí wa, ilé ìwé girama níhìn-ín ní orílẹ̀-èdè Benin, pè mí lórí fóònù. Olùkọ́ Faransé wọn ń lọ bímọ, ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14 ló gbà, wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá a di kíláàsì mú. Ó ti di ọdún méjì tí mo ti gba licence (oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì), àkàrà ni mò ń bá ìyá mi tà. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ pé mo gbà.

Sixième (ọdún àkọ́kọ́ ní girama) méjì, quatrième (ọdún kẹta) kan. Lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n gbé àsíá sókè tán, mo wọ quatrième. Ọmọ 58. Mo bi wọ́n pé ibo ni wọ́n bá Madame dé. Ọ̀kan ní àwọn ti kọjá ibẹ̀, òmíràn ní àwọn ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pé Madame máa ń ní káwọn sinmi ní wákàtí yìí. Mo pe orúkọ, ọmọ méjì jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin kan tó ga jù mí lọ dìde, ó fi ọ̀wọ̀ bi mí bóyá stagiaire, ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ni mí. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kí agogo tó lù, ohùn mi ti há.

Ọ̀túnla ni mo tún ní wọn, wákàtí méjì léra wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe remplaçant (adelé) rí, ẹ bá mi dá sí i. Mi ò fẹ́ na ọmọ ẹnikẹ́ni o.


Tíṣà Adelé, Àjàṣẹ́

Àbúrò, o kú ewu. Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí kì í ṣe àwàdà. Ọdún kọkànlá mi rèé tí mò ń jókòó sórí àga oníàga: Àjàṣẹ́, Adjarra, Avrankou, Sakété, ibi tí wọ́n bá ti pè mí. Mo ti bá abiyamọ dèlé, mo ti bá ẹni tí alùpùpù gbá dèlé, mo ti bá ẹni tó lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ míì tí kò padà wá dèlé. Ọmọ ilé ìwé mọ adelé yàtọ̀ sí ọba, kò sí ohun tó o lè ṣe sí ìyẹn. Àmọ́ adelé tó bá mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú ààfin, wọn kì í fi í ṣeré.

Ibi tó o ti ṣì í ni pé o bi wọ́n léèrè. Má bi kíláàsì ní ibi tí wọ́n dé láé. Lọ sí ọ́fíìsì kí ilé ìwé tó wọlé, gba cahier de texte. Ibẹ̀ ni Madame ń kọ ohun tó kọ́ wọn sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Tí kò bá kọ ọ́ kún tó (àwa olùkọ́ mọ ara wa), yá ìwé ọmọ mẹ́ta: ti ẹni tó mọ̀wé jù, ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rẹwà, ti ẹnì kan tó ń jókòó lẹ́yìn. Ìwé ẹni ẹ̀yìn yẹn ni yóò fi ibi tí ẹ̀kọ́ ti já hàn ọ́.

Lẹ́yìn náà, wọlé ṣáájú wọn. Kí wọ́n bá ọ lẹ́nu iṣẹ́. Kọ ọjọ́ sí pátákó, kọ orúkọ rẹ, kọ àkọlé ẹ̀kọ́, kó o sì kọ gbólóhùn márùn-ún tí wọn yóò máa dà kọ bí ìdí wọn bá ti kan bẹ́ǹṣì. Má pariwo “ẹ dákẹ́”. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kọ̀wé, ẹnu rẹ̀ á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Wàá gbọ́ ọ: Madame, ṣé ká fi pupa fàlà sí i nídìí? Madame, ṣé ká fo ìlà kan? Tí ọmọ bá ti ń béèrè àwọ̀ bíìkì, fọkàn balẹ̀, ó ti gbà ọ́ ní olùkọ́.

Ti orúkọ: ya àwọn bẹ́ǹṣì sórí ìwé kan, jẹ́ kí ó lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí oníkálùkù kọ orúkọ rẹ̀ síbi tó jókòó sí. Fún responsable kíláàsì (olórí àwọn ọmọ) kó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó dá a padà, torí ẹnì kan á kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù síbẹ̀, kò sí kíláàsì tí kì í ṣẹlẹ̀. Ní wákàtí kejì, tí ọ̀kan bá ń rojọ́ lẹ́yìn, má wo ìwé náà lójú rẹ̀. Kàn pe orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ pọ̀, kó o máa bá ẹ̀kọ́ lọ.


Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹni gíga yẹn! Òun gan-an ni kó o ní kó máa nu pátákó. Mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo jẹ́ ẹ́ nígbà tí mo wà ní quatrième 😂


Àǹtí Oníṣirò, Kétu

@Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ Rárá o. O fi iṣẹ́ san ẹ̀san ìwà bẹ́ẹ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ọmọ mẹ́fà á máa bi í bóyá stagiaire ni. Ó bi í ní ìbéèrè, kí ó dá a lóhùn: “Rárá, èmi ni olùkọ́ yín títí Madame á fi dé.” Ó tán. Pátákó, kí wọ́n máa nu ún ní ìtẹ̀léra bẹ́ǹṣì.


Bàbá Surveillant, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wù mí dá sí.

Ọmọ mi, inú mi dùn pé o ní o kò fẹ́ nà wọ́n. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì yí ọ lọ́kàn padà. Code de l'enfant (òfin ọmọdé) ti ọdún 2015 kò fààyè gba lílu ọmọ nílé ìwé. Olùkọ́ tó ní iṣẹ́ ìjọba lè rí ẹni bá a bẹ̀bẹ̀. Ìwọ tí wọ́n pè fún ọ̀sẹ̀ 14, ta ni yóò bẹ̀bẹ̀ fún ọ?

Èkejì, má lé ọmọ jáde kúrò ní kíláàsì láìsí ibi tó ń lọ. Mo ti rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa ṣe adelé SVT (ẹ̀kọ́ ohun alààyè àti ilẹ̀), ó lé ọmọ mẹ́rin síta nítorí ariwo, ó ní kí wọ́n dúró sábẹ́ igi. Igi wo? Nígbà tí agogo lù, a ò rí wọn. Ọmọ kékeré kan ló nawọ́ sí òkè àpáta. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè lọ́hùn-ún nínú kakí wọn, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ tí àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò, mi ò rí ẹwà kankan lára rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tí ọmọ bá gbọ́dọ̀ jáde, kọ ìwé pélébé, kí responsable mú un lọ fún surveillant, ẹni tó ń mójú tó ìwà àwọn ọmọ, kí surveillant fọwọ́ sí i padà.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ka èyí ni mò ń bá wí. Ẹ má ní kí ọmọbìnrin gbé ìwé wá sílé fún yín. Ẹ má gba nọ́ńbà wọn. Òfin tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 le gan-an lórí ohun tó bá wáyé láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kì í sì í béèrè bóyá adelé ni ẹ tàbí onílé. Inú kíláàsì ni kí ẹ ti gba ìwé, inú kíláàsì ni kí ẹ ti dá a padà.


Ọmọ Ìdẹ́nà, Kétu

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣe ti Ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́. Mo wọlé ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo ti kọ pátákó kún kí wọ́n tó dé. Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan béèrè bóyá kí àwọn fi pupa fàlà sí i! Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Ẹnì kan kọ Mbappé sí bẹ́ǹṣì kẹta.

Àmọ́ ìṣòro mìíràn wà ní sixième. Àwọn ọmọ kan ti kàwé ní Nàìjíríà díẹ̀ kí ìyá wọn tó mú wọn wálé. Wọ́n gbọ́n, ó hàn lójú wọn, ṣùgbọ́n tí mo bá ń sọ Faransé, wọ́n kàn ń wò mí. Mo sọ Yorùbá díẹ̀, ojú wọn là. Ẹlẹgbẹ́ mi kan kọjá lójú fèrèsé, ó ní ṣé kíláàsì Faransé rèé? Ojú tì mí.


Àǹtí Oníṣirò, Kétu

Kí ni ìtìjú níbẹ̀? Jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi ń ṣe fún ọ, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fà á.

Lọ́dún kan, wọ́n ní kí n bá wọn mú maths sixième fún oṣù méjì. Mo pe nọ́ńbà ní Faransé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Soixante-quinze: ìdajì wọn kọ 6015. Quatre-vingts: ẹnì kan kọ 420. Mo fẹ́ bínú. Lálẹ́, mo ń ro ó, mo bú sẹ́rìn-ín èmi nìkan. Quatre-vingts, ogún mẹ́rin! Ṣé kì í ṣe ọgọ́rin náà nìyẹn? Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Ọgọ́rin, ogún mẹ́rin. Ọgọ́rùn-ún, ogún márùn-ún. Ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ ń ka iṣu ní ogún ogún lọ́jà Kétu ti mọ quatre-vingts kó tó mọ bàtà wọ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo kọ ọ́ sí pátákó ní òpó méjì. Mo fi hàn wọ́n pé Faransé máa ń ròpọ̀ níbi tí àwa ti sábà máa ń yọ kúrò. 75: soixante-quinze, ọgọ́ta pẹ̀lú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tiwa, márùndínlọ́gọ́rin, ọgọ́rin tí a yọ márùn-ún nínú rẹ̀. 90: quatre-vingt-dix, ọgọ́rin pẹ̀lú mẹ́wàá, tiwa, àádọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún tí a yọ mẹ́wàá. 97: wọ́n ń gun òkè láti 80, àwa ń sọ̀ kalẹ̀ láti 100, ẹ̀tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ariwo tí wọ́n pa! Ó yà wọ́n lẹ́nu pé ohun tí wọ́n ń sọ nílé ní ìṣirò nínú. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ló dìde, ó ní nígbà náà àádọ́ta náà ní láti jẹ́ ọgọ́ta dín mẹ́wàá. Mi ò tíì kọ́ wọn débẹ̀.

Ṣọ́ra fún kọ́mà pẹ̀lú. Ọmọ tó ti Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà wá ń kọ 3.5 níbi tí a ti ń kọ 3,5. Èyí tó burú jù ni pé tó bá rí 1,500, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni yóò kà á, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́hùn-ún. Nínú ìwé wa, ọ̀kan àti ààbọ̀ ni. Mo ti rí ọmọ tó gba 4 lórí 20 nítorí kọ́mà nìkan, tí gbogbo ìṣirò rẹ̀ sì tọ̀nà. Bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti kàwé kó o tó fún wọn ní máàkì.

Ní ti Faransé tìrẹ, bóyá ìwọ náà ti rí i: “Mon père, elle est venue.” Bàbá ló ń wí, ó sì fi “elle” ti obìnrin pè é dípò “il” ti ọkùnrin. Aláìmọ̀ á ní ọmọ náà ò mọ bàbá yàtọ̀ sí ìyá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. “Ó” kan ṣoṣo ni a ní, ó wọ bàbá, ó wọ ìyá, ó wọ ewúrẹ́. Sọ ìyẹn fún wọn ní Yorùbá lẹ́ẹ̀kan péré, ní ìṣẹ́jú méjì, kó o tó padà sí Faransé. Ìyẹn á gbà ọ́ lọ́wọ́ làálàá ọ̀sẹ̀ kan.


Tíṣà Adelé, Àjàṣẹ́

Àǹtí, mo fẹ́ràn ti ogún mẹ́rin yẹn, mo ti jí i gbé. Àmọ́ mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ní Àjàṣẹ́ níbí, tí mo bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, ìdajì àwọn ọmọ jẹ́ Ègùn. Ní Kétu náà, ẹ ní ọmọ Fọ̀n, ẹ ní Mahi, ẹ ní Fúlàní. Ọmọ Fúlàní tó ń gbọ́ tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín ní èdè tí kò gbọ́ dáadáa, kí ni tirẹ̀? Èmi kì í sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì. Mo máa ń lọ bá ọmọ níbi tó jókòó sí, kí n bẹ̀rẹ̀, kí n sọ ọ́ sí i létí.


Àǹtí Oníṣirò, Kétu

Òótọ́ lo sọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yẹn, mo ní kí ọmọ Fúlàní méjì wá ka tiwọn fún wa pẹ̀lú. Àmọ́ mi ò ní purọ́, àwọn olùkọ́ kì í sábà rántí irú ìyẹn lójoojúmọ́, èmi náà kì í sábà rántí.


Bàbá Surveillant, Ṣábẹ̀ẹ́

Nígbà tiwa, ọmọ tó bá sọ èdè ilé, signal ni wọn yóò fi kọ́ ọ lọ́rùn, títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó ṣì í sọ kó tó bọ́ ọ fún un. Egungun ẹran ni tiwa. Ó ń rùn. Mo gbé e sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi sì bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo ní mo kí ọ̀rẹ́ mi ni.


Ìyá Alákàrà, ẹnu ọ̀nà CEG

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe tíṣà, àkàrà àti ẹ̀kọ ni mò ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Ohun tí mò ń rí níta, ẹ̀yin kì í rí i nínú ilé.

Ọmọ tó ń sùn ní wákàtí kẹta, ẹ wo bóyá ó jẹun. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ rìn láti oko, ebi ti pa wọ́n kí wọ́n tó débí, owó ọwọ́ wọn kò sì tó ẹ̀kọ kan. Ọjọ́ ọjà, ẹ má ṣe ìdánwò. Àwọn ọmọbìnrin ló ń ru ẹrù ìyá wọn, wọn ò ní wá, tàbí kí wọ́n dé ní aago mẹ́wàá. Tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá sì wà ládùúgbò, tí wọ́n kọ Ẹ̀fẹ̀ mọ́jú, ẹ fi orí jì wọ́n. Àwọn bàbá wọn gan-an ń sùn níbi iṣẹ́.


Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá ṣe censeur wa.


Adájọ́ Òwúrọ̀, Pobè

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, nítorí kò sí ẹni tó dá a.

Owó iṣẹ́ wákàtí 26 ni ilé ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ jẹ mí. Olùkọ́ tí mo dúró fún padà ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, ọ̀gá tó pè mí ti lọ síbòmíràn, ẹni tuntun ní òun ò mọ̀ mí. Èmi ni mo lẹ́bi. Ẹnu ni a fi ṣe àdéhùn, lórí fóònù, bíi ti Ọmọ Ìdẹ́nà yìí.

Nítorí náà, àbúrò, kó o tó wọ kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gba ìwé. Bí ó ṣe ojú ìwé kan, kí ó ní orúkọ rẹ, ẹ̀kọ́, kíláàsì, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, owó wákàtí kan, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti òǹtẹ̀. Kọ iṣẹ́ rẹ sínú cahier de texte ní gbogbo ìgbà, má jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì, torí òun ni ẹ̀rí rẹ. Fi fóònù ya fọ́tò ojú ìwé yẹn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Má tijú béèrè. Wọ́n lè ní o ò ní sùúrù. Jẹ́ kí wọ́n wí.


Tíṣà Adelé, Àjàṣẹ́

Fọ́tò ọjọ́ Ẹtì! Èmi tí mo ti ṣe é ní ọdún 11, mi ò rò ó rí.


Ọmọ Ìdẹ́nà, Kétu

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́, ìwé ni mò ń yẹ̀ wò. Dictée (àpèkọ) 58, ẹ fojú inú wò ó.

Madame padà dé lọ́jọ́ Ajé, ó mú ọmọ rẹ̀ wá fi hàn wá ní ọ́fíìsì, ó sanra bí ìgò oyin. Mo gba ìwé owó mi lọ́sẹ̀ kejì gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n Pobè ṣe ní. Censeur kọ́kọ́ fajú ro, ó sì fọwọ́ sí i. Owó oṣù àkọ́kọ́ ti wọlé, èyí tó kù ni mò ń retí, fọ́tò wà lọ́wọ́.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni dictée ìlà mẹ́jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí. Kò sí ẹni tó lè pariwo nínú dictée, àwọn fúnra wọn á máa ní “ṣììì” fún ara wọn. Mi ò yọ máàkì fún gbogbo àṣìṣe bákan náà, mo máa ń sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé lónìí, “il” àti “elle” nìkan ni mò ń wò. Ní sixième, ọmọ kan tó gba 3 lórí 20 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ gba 11 kí n tó lọ. Ọmọ tó ti Nàìjíríà wá ni.

Níbi tí mo kùnà: mo fún quatrième ní máàkì tó pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè fẹ́ràn mi. Madame wo ìwé náà, kò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí. Ó wá kù sí òun lọ́wọ́ láti dín in kù, àwọn ọmọ á sì ní òun ló burú. Mo tọrọ àforíjì.

Ẹni gíga yẹn bá mi gbé àpò mi dé ibi tí alùpùpù wà lọ́jọ́ tí mo kúrò. Ó bi mí pé ibo ni mo tún ń lọ ṣe stagiaire.

Ó kù kan. CEG míì pè mí lánàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, cinquième (ọdún kejì). Maths ni o. Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni.


Àǹtí Oníṣirò, Kétu

Maths? Ìwọ tó o ka Faransé? Pè mí lálẹ́ òní, kó o sì mú bíìkì dání.